Orí Kẹrin: Sìlíńdà Mẹ́fà, Ọ́ìlì Lítà Mẹ́fà

Ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀ l'Ékòó sábà máa ń béèrè ohun mẹ́ta: ọdún wo ni wọ́n ṣe é, ṣé AC rẹ̀ ń tutù, ṣé wọn ò tíì kùn ún rí? Ẹni tó bá lajú díẹ̀ á ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ṣí i, ike dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí lára ni yóò rí. Yóò mi orí, yóò ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, yóò gbọ́ pé kò pariwo, ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ike yẹn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì o. Ohun tí ike náà bò mọ́lẹ̀ ni a fẹ́ tú palẹ̀ ní orí yìí.

Lexus RX 350 ni mo yàn. Kì í ṣe pé òun ló dára jù láyé, ṣùgbọ́n àwọn jíìpù olówó ńlá tí ojú wa mọ̀ dáadáa láti Badagry dé Adó-Èkìtì kò pọ̀ tó o. Kyushu ní Japan àti ìlú Cambridge ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti ń to RX. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, RX 300, ni Toyota kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 pẹ̀lú orúkọ Harrier. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 ló wà nínú rẹ̀. RX 330 tẹ̀ lé e pẹ̀lú lítà 3.3. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wá fi sínú RX 350 ti ọdún 2007, tó sì wà níbẹ̀ títí dé ti ọdún 2015, ni wọ́n ń pè ní 2GR-FE. Òun náà ló wà nínú Sienna, Highlander, Camry V6, Avalon àti Lexus ES 350 ìgbà yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe mọ́tò eré sísá Lotus náà rà á, wọ́n gbé e sínú Evora wọn. Nítorí náà, ẹni tó ní RX 350 tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ kò níláti wá ọkọ̀ olówó ńlá kiri ní ọjà Ládípọ̀. Ara Sienna tó ti kó èrò títí tó fi rẹ̀ ẹ́ ló ti máa rí ohun tó ń wá.

Sìlíńdà mẹ́fà ni 2GR-FE ní, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ìlà méjèèjì tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn bíi lẹ́tà V. Ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 94. Písítìnnì tó wà nínú rẹ̀ ń rìn mìlímítà 83 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ẹ bá fi ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé gírámà ṣe é, ẹ ó rí i pé ihò kan gba 576 cc, ìyẹn pure water kan àti ẹ̀kún díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, ó di 3456 cc. Èyí ni wọ́n sún sókè tó di lítà 3.5, tí wọ́n sì sọ di 350 lẹ́yìn ọkọ̀.

Ìwọ̀n mìíràn tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni 10.8. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àti epo bá ti kún sìlíńdà, písítìnnì á gbéra láti ìsàlẹ̀, á fún wọn mọ́ òkè títí àyè tí wọ́n wà yóò fi kù sí ìdá kan nínú 10.8. Bí a bá ṣe fún wọn tó ni agbára tí a óò rí nínú epo náà ṣe máa pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún jù a máa gbóná, epo tí kò bá sì dára tó lè gbaná fúnra rẹ̀ kí iná pulọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo gbígbá tó ń bá èyí rìn ni sensor kan ń tẹ́tí sí lára ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbọ́ ọ, brain box á sún ìgbà tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn díẹ̀. Ọkọ̀ ò ní lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n písítìnnì ò ní fọ́. Awakọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àfi kó máa sọ pé jíìpù òun ti ń wúwo.

Agbára ẹṣin 270 ni wọ́n kọ fún RX 350 ti 2007, ti 2010 sì jẹ́ 275. Ẹ̀yin tó máa ń fi nọ́ńbà yìí yangàn, ẹ ka èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: 6200. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí nígbà 6200 láàárín ìṣẹ́jú kan kí 270 yẹn tó pé. Ta ló ń débẹ̀ láàárín Oshòdì sí Mile 2? Nínú ìrìn wa ojoojúmọ́, ọwọ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì kì í sábà kọjá 2000. Ní 2000 yẹn, pulọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń ṣáná nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, písítìnnì sì ń rìn ní nǹkan bíi mítà 5.5 ní ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ 6200 ni, á lé ní mítà 17. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrìn méjèèjì yìí wà lára ìdí tí ẹ́ńjìnnì ńlá fi máa ń pẹ́ ju kékeré lọ lábẹ́ ẹrù kan náà. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 tó ń gbé ọkọ̀ tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì kò níláti sáré kó tó gbé e. Ó ní agbára tó pọ̀ ju èyí tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ara sì tù ú. Ẹ máa rántí èyí, nítorí pé ayé ti ń kúrò níbẹ̀, mo ṣì máa bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná ná. Nígbà tí epo bá gbiná nínú sìlíńdà, ooru afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ máa ń kọjá 2000 °C. Alumíníọ́ọ̀mù, tó jẹ́ ohun tí wọ́n fi rọ ara àti orí ẹ́ńjìnnì yìí, ń yọ́ ní 660 °C. Ẹ tún un kà. Iná tó lè yọ́ ẹ́ńjìnnì náà ń jó nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ìgbà méjì tí kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, bá yí, ẹ́ńjìnnì ò sì yọ́. Ohun tó fà á ni pé iná náà kì í pẹ́ kó tó jáde gba ẹ̀yìn, omi ń ṣàn yíká ògiri sìlíńdà, ọ́ìlì sì ń tú sí ikùn písítìnnì láti ìsàlẹ̀. Ẹ yọ omi tàbí ọ́ìlì kúrò nínú ètò yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí mo ti ń kà bọ̀ láti òkè di òfo. Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ ì bá máa kọ iye lítà ọ́ìlì sẹ́yìn rẹ̀ dípò 350. RX 350 yìí ń gba lítà 6.1 pẹ̀lú fílítà rẹ̀.

Kí ni lítà mẹ́fà yẹn ń ṣe gan-an? Kíráńkì kò fara kan irin tó jókòó sí. Ọ́ìlì ló gbé e lé, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí sísanra rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Pọ́ǹpù ọ́ìlì ló ń fi agbára ti ọ́ìlì náà síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń tì í, irin ò ní kan irin. Ìṣẹ́jú tí kò bá tì í mọ́ ni irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, ariwo kò-kò-kò á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mẹkáníìkì á sì sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń ti irin tó ń mú ṣéènì le. RX 300 àti RX 330 ń lo bẹ́líìtì onírọ́bà fún yíyí kámúṣáfùtì, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Bẹ́líìtì náà ni ìwé sọ pé kí a pààrọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 144,000. Wọ́n fi ṣéènì onírin rọ́pò rẹ̀ nínú 2GR, kò sì ní ọjọ́ tí ìwé dá fún pípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sọ pé ṣéènì kì í bàjẹ́. Ṣéènì ń jẹ ọ́ìlì ni o. Bí ọ́ìlì bá ti di ẹrẹ̀, ṣéènì á máa yẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Iṣẹ́ kẹta tí wọ́n gbé lé ọ́ìlì lórí ni èyí tí wọ́n ń pè ní VVT-i. Ẹ́ńjìnnì tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ àti èyí tó ń sáré kò fẹ́ kí fáàfù ṣí ní àkókò kan náà. Láyé àtijọ́, a máa ń yan ọ̀kan, a ó fara mọ́ ìkejì. Nínú 2GR-FE, jíà tó wà ní ìpẹ̀kun kámúṣáfùtì kọ̀ọ̀kan ṣófo nínú, ó ní yàrá kéékèèké. Brain box á ní kí ọ́ìlì wọ yàrá ọ̀tún, kámúṣáfùtì á yí síwájú díẹ̀, fáàfù á tètè ṣí. Á ní kó wọ yàrá òsì, á pẹ́ kó tó ṣí. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà wọlé kéré gan-an, sẹ́ẹ́ wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá nípọn tàbí tó dọ̀tí, àṣẹ brain box á dé, iṣẹ́ ò ní di ṣíṣe lásìkò, iná Check Engine á tàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe scan lè gbé P0011 jáde. Bí mẹkáníìkì bá ti rí i báyìí, á ní kí ẹ lọ ra sensor wá. Ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ wo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ìdílé Toyota ti kọ́gbọ́n nípa ọ́ìlì dídọ̀tí rí. Nínú àwọn ọkọ̀ Toyota àti Lexus tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, RX 300 wà lára wọn, àwọn ènìyàn kan l'Ámẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n sì ń bá ẹrẹ̀ dúdú tó ti dì bí ọ̀dà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ ní àwọn tó ni ọkọ̀ ni kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn náà ní àwọn ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 2002, Toyota gbà láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ tí ètò yìí kàn tó mílíọ̀nù 3.3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Toyota kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí kò gbilẹ̀ mọ́ nígbà tí 2GR dé, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ṣì ni ọ́ìlì.

Ìwé RX 350 ti 2007 ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì 5W-30 rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000, tàbí kí oṣù mẹ́fà má kọjá. Ẹ bá mi ṣírò o. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà tó já geere máa lo wákàtí 100 kó tó pé kìlómítà 8,000. Ẹni tó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yí, tí gbogbo ìrìn rẹ̀ kò ju kìlómítà 20 lọ ní wákàtí, máa lo wákàtí 400. Kìlómítà kan náà ni ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, nínú ooru, láìsí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí rédíétọ̀ yàtọ̀ sí ti fáànù. Èyí ni mo fi ń sọ pé kìlómítà 5,000 ti tó fún ará Èkó. Ọ́ìlì ayédèrú wà nígboro. Ẹ ra tiyín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá.

Ọ̀rọ̀ wá kan họ́ọ̀sì kan báyìí.

Bí ẹ bá dúró níwájú RX 350 ti 2007 tàbí 2008, tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì náà dúbúlẹ̀ ní ìbú. Ìlà sìlíńdà kan kọjú sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ìkejì fara pamọ́ sẹ́yìn, ó sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́líìtì ìta ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tàn án gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lọ sísàlẹ̀. Ẹ ó rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún VVT-i ti ìlà ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ jẹ́ irin, ìdí rẹ̀ jẹ́ irin. Àárín rẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, rọ́bà dúdú ló wà ní àárín yẹn, tí wọ́n fi irin tẹ̀ mọ́ páìpù lókè àti nísàlẹ̀. Kò gùn tó ìka ọwọ́ méjì.

Ọ́ìlì gbígbóná tí pọ́ǹpù ń fi agbára tì ló ń gba inú rọ́bà yìí kọjá, ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí atẹ́gùn kì í tó. Ọdún ń gorí ọdún, rọ́bà ń le, ó ń sán wẹ́wẹ́. Ọjọ́ kan á bẹ́. Kì í jò kán-kán-kán kí ẹ lè rí àbàwọ́n rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀. Bó bá ti bẹ́, pọ́ǹpù ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló máa tú lítà mẹ́fà sójú títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé ọ́ìlì ti ń dín kù, pé kí àwọn rọ díẹ̀ kún un tí àwọn bá délé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná náà kì í wọn iye ọ́ìlì. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì ló ń wọ̀n. Ìgbà tó bá tàn, ọ́ìlì ò dé ìdí kíráńkì mọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá wà lórí afárá Third Mainland nígbà náà, ọkàn yín á ní kí ẹ sáré sọ̀kalẹ̀ ní Adékúnlé kí àwọn ọmọ ìta má bàa bá yín níbẹ̀. Ìyẹn ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè jẹ́ pé páìpù àti ọ́ìlì tuntun ló máa ná yín. Èyí tí wọ́n fi rìn dé Adékúnlé, Ládípọ̀ ló kù.

Toyota mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì ṣètò l'Ámẹ́ríkà láti pààrọ̀ họ́ọ̀sì náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ni ọkọ̀. Páìpù onírin látòkè délẹ̀ ló rọ́pò onírọ́bà. Ṣùgbọ́n ètò náà ní gbèdéke, kì í sì í ṣe gbogbo onímọ́tò ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ kó tó parí. Àwọn ọkọ̀ tí wọn ò gbé lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti rékọjá òkun. Páìpù yìí kò wọ́n rárá tí a bá fi wé owó ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í sì í lo ọjọ́ kan tán nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì tí ẹ rí irin látòkè délẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Bí ẹ bá rí dúdú láàárín, kí ọkọ̀ náà má rìn lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ku omi. Pọ́ǹpù omi 2GR máa ń jò bó bá dàgbà, ṣùgbọ́n òun ní ìtìjú ju họ́ọ̀sì ọ́ìlì lọ. Ó máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Kúláǹtì Toyota jẹ́ aláwọ̀ osùn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tó bá ti ń jò, á gbẹ, á fi èépá sílẹ̀ lára pọ́ǹpù àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí èépá yẹn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi ṣètò owó. Ẹni tó ti da omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ tirẹ̀ kò ní rí àwọ̀ kankan, á kàn máa bu omi kún un láràárọ̀ ni. Omi lásán tún ń dá ìpatà sílẹ̀ nínú alumíníọ́ọ̀mù, ó sì tètè ń hó ju omi tó ní kúláǹtì nínú lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá hó, orí rẹ̀ tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù á wọ́, top gasket á lọ, ọṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa tó ń bí mi nínú. Wọ́n á yọ thermostat sọnù, wọ́n á ní òtútù òyìnbó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, pé ilẹ̀ wa ti gbóná tó. Thermostat kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ti ọ̀nà rédíétọ̀ títí omi inú ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bíi 80 sí 84 °C, kí ó sì wá ṣí i bí ooru ṣe ń pọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ́ńjìnnì ò ní tètè móoru. Brain box á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sítáàtì ni, á máa da epo púpọ̀ sí i. Epo tí kò jó tán á ṣàn wọ inú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ omi ṣe tún padà di ọ̀rọ̀ ọ́ìlì? Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tí thermostat bá kúrò, omi á máa gba ọ̀nà àbùjá yípo inú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ mú tutù á wá máa hó.

Pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Oní-iridium ni, ó lè lo kìlómítà tó sún mọ́ 190,000. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó dé mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ìkòkò afẹ́fẹ́ tó wà lókè ẹ́ńjìnnì kúrò. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mẹkáníìkì bá ní òun ti pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà tán, ẹ ní kó kó àwọn ògbólógbòó mẹ́fà wá kí ẹ kà wọ́n. Ní ti epo, ẹ ò ní gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ìlà wá gùn ní gbogbo ilé-epo. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó le débi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ní kàn án.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn ṣe. Lọ́dún 2008, BMW gbé N63 jáde nínú jíìpù X6. Sìlíńdà mẹ́jọ, lítà 4.4, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 400. Tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tí òun náà wá ń fi afẹ́fẹ́ kún sìlíńdà tipátipá. Ẹ̀gbẹ́ òde ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sábà máa ń so ó mọ́. Àwọn ẹnjiníà Jámánì yìí kó méjèèjì sí àárín V, lórí ẹ́ńjìnnì gan-an. Ọgbọ́n ńlá ni: èéfín ò rìn jìnnà kó tó dé tọ́bò, ọkọ̀ a sì máa fò bí awakọ̀ bá tẹ iná. Ṣùgbọ́n ohun tó gbóná jù nínú ọkọ̀ ti wá wà láàárín àwọn họ́ọ̀sì, wáyà àti rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́nu fáàfù. Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, BMW ṣètò àkànṣe l'Ámẹ́ríkà fún àwọn tó ní in: wọ́n ń yẹ ṣéènì wò, wọ́n ń wo ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo, wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì. Wọ́n tún sọ pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní kìlómítà 16,000 tàbí ọdún kan, dípò nǹkan bíi kìlómítà 24,000 tàbí ọdún méjì tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀.

N63 tún ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà. 2GR-FE ń fọ́n tirẹ̀ sẹ́yìn fáàfù, kí ó tó wọlé. Ti BMW ń ṣọ́ epo lò dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fọ ẹ̀yìn fáàfù rẹ̀, èéfín ọ́ìlì á sì máa dì síbẹ̀ di èédú. Ti Toyota, epo fúnra rẹ̀ ló ń fọ fáàfù. Nígbà tí Toyota náà fẹ́ fọ́n epo tààrà nínú RX 350 ti 2016, tó ní agbára ẹṣin 295, wọn ò yọ ti àtijọ́ kúrò. Méjèèjì ni wọ́n jọ fi sínú rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, irú ìbẹ̀rù yìí sì wù mí nínú ẹnjiníà.

Ṣùgbọ́n òfin èéfín àti owó epo kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ńlá tí ara tù yìí pẹ́ mọ́. Nínú RX 350 ti 2023, V6 ti lọ. Sìlíńdà mẹ́rin ló kù, lítà 2.4, pẹ̀lú tọ́bò kan. Nọ́ńbà 350 ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 275, bákan náà pẹ̀lú ti 2010, ipá tó fi ń yí táyà sì ju ti V6 lọ láti ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yára. Ó dùn ún wà. Àmọ́ ohun tí lítà 3.5 ń ṣe láìmí ni lítà 2.4 fẹ́ ṣe báyìí, ooru tó ń lọ sórí písítìnnì kan pọ̀ sí i, tọ́bò sì tún di aláìsàn kan sí i tó ń gba ọ́ìlì. Kìlómítà 5,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fún ọkọ̀ yìí kì í ṣe àbá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi jù, LX 600, ti rí tirẹ̀. V6 onítọ́bò méjì ni wọ́n fi rọ́pò V8 nínú rẹ̀. Lọ́dún 2024, Toyota kéde l'Ámẹ́ríkà pé irin wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà lè ṣì wà nínú rẹ̀, pé ó lè ba ibi tí kíráńkì jókòó sí jẹ́. Ọkọ̀ bíi 102,000 ni ọ̀rọ̀ kàn, LX àti ọkọ̀ akẹ́rù Tundra ti 2022 àti 2023. Pípààrọ̀ ọ́ìlì kò lè ran irú èyí lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti ń wọ èbúté wa. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ òsì, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí awakọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú-òpó NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì l'Ámẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà àbí wọn ò tíì ṣe é. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, tí ẹni tó ń tà á sì ní kò sí nǹkan kan, kí ẹ má san kọ́bọ̀.